Bọ́lájí Bádéjọ: Ọmọ Èkó tó wà nínú ẹ̀kú lójú èèpo ìwé kọ́míìkì Aliens

Bí ẹ bá mú ìwé kọ́míìkì Aliens kan lọ́wọ́, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1988 tàbí èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀dá kan náà ló ṣeé ṣe kí ẹ bá pàdé lójú èèpo rẹ̀.

Orí rẹ̀ gùn sẹ́yìn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Kò ní ojú tó fi ń ríran. Eyín rẹ̀ ń dán, itọ́ sì ń kán bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mójú kúrò lára orí yẹn ná, kí ẹ wo ìyókù. Ẹ wo apá tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbàdí tí kò fẹ̀, àti bó ṣe ń lóṣòó bí ẹni pé kò sí egungun lára rẹ̀.

Ara èèyàn ni wọ́n ti mú un. Ara ọmọ Nàìjíríà kan ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí nílùú Èkó, tó ń jẹ́ Bọ́lájí Bádéjọ.

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé kọ́míìkì mọ̀ pé àwọn ayàwòrán máa ń fi nǹkan pamọ́ sínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n lè fi orúkọ ọ̀rẹ́ wọn sára ògiri, tàbí kí wọ́n fún ọkọ̀ ní orúkọ tó wá láti inú ìwé àtijọ́ kan. Òǹkàwé tí ojú rẹ̀ bá mú ló máa ń rí i, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tó tú àlọ́.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Aliens. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú wọn kò sí ní kọ̀rọ̀ rárá. Àárín èèpo ìwé gan-an ló wà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láìsí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin gíga inú ilé ọtí

Lọ́dún 1978, Ridley Scott, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń múra láti ya fíìmù Alien ní Shepperton, lẹ́bàá ìlú London. Ayàwòrán ọmọ Switzerland kan, H. R. Giger, ti ya ẹ̀dá abàmì náà sórí bébà. Ẹni tó máa gbé e wọ̀ ló kù.

Scott kò fẹ́ kí òǹwòran kankan wo ẹ̀dá náà kó sì rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé èèyàn kan ló wà nínú aṣọ rọ́bà. Fún ìdí èyí, ó ń wá ẹni tí gígùn apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa da ojú àwọn èèyàn rú.

Wọ́n wá a títí kí aṣojú òṣèré kan tó ṣe kòńgẹ́ Bádéjọ nínú ilé ọtí kan láàárín gbùngbùn London. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, kò sì sanra. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe òṣèré, kò sì tíì ju ẹni ọdún 25 lọ.

Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ìdílé tí wọn ò mọ̀ nílé. Bàbá rẹ̀, Victor Bádéjọ, ti fìgbà kan jẹ́ olùdarí àgbà iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba Nàìjíríà, NBC. Bàbá ń darí iléeṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ ń wọ yàrá gbogbo ilé. Ọmọ wá lọ ṣe eré kan ṣoṣo láyé rẹ̀, eré tí kò ti la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ti rí ojú rẹ̀.

Wọ́n fi POP mú àwòkọ ara Bádéjọ. Orí àwòkọ yìí ni Giger ti mọ ẹ̀dá rẹ̀, tó ń lẹ egungun àti páìpù mọ́ ọn títí tó fi di ohun tí a mọ̀ lónìí. Carlo Rambaldi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń mú kí ẹnu àti eyín rẹ̀ máa ṣí.

Èyí ṣe pàtàkì. Kì í ṣe pé Giger parí ẹ̀dá tán kí wọ́n tó wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn lọ ra ṣòkòtò lọ́jà. Ara Bádéjọ ni wọ́n wọn ẹ̀kú náà sí. Bí ẹlòmíràn bá ló wọ ilé ọtí yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀dá mìíràn ni ayé ì bá mọ̀.

Wọ́n kọ́ ọ ní eré aláìsọ̀rọ̀. Wọ́n tún kọ́ ọ ní tai chi, eré ìdárayá àwọn ará China tí wọ́n máa ń ṣe ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìrìn rẹ̀ má baà jọ ti èèyàn. Nítorí ìrù tó wà lẹ́yìn aṣọ náà, kò lè jókòó sórí àga lásán, ni wọ́n bá so nǹkan kan bíi jáńgílófà fún un tó ń fi sinmi.

Láti kékeré ni Bádéjọ ti ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá ti tọ́jú alárùn yìí rí kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti wà nínú rọ́bà, lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń ya fíìmù.

Òun nìkan kọ́ ló wọ ẹ̀kú náà. Níbi tí eré bá ti léwu, àwọn bíi Eddie Powell àti Roy Scammell ló máa ń gbé e wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lópin fíìmù, tirẹ̀ ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀dá abàmì náà.

Fíìmù fi í pamọ́, kọ́míìkì gbé e síta

Alien jáde ní oṣù Kàrún ọdún 1979. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ẹ̀dá náà fi hàn nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, inú òkùnkùn àti èéfín sì ni wọ́n fi í sí. Àní, kò sí lórí pátákó ìpolówó. Ẹyin kan ṣoṣo tó ń là nínú òkùnkùn ni wọ́n yà síbẹ̀.

Ọgbọ́n ni wọ́n dá. Ohun tí a kò rí tán ló ń bani lẹ́rù jù.

Ọgbọ́n yìí ni ìwé kọ́míìkì kò lè lò. Orí àtẹ ni wọ́n ń tà á, láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé mìíràn, èèpo rẹ̀ ló sì ní láti pe oníbàárà. Ẹ lè fi ẹyin sójú èèpo lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ máa palẹ̀ mọ́ kí ọdún tó parí.

Ibí yìí ni iléeṣẹ́ Dark Horse ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mike Richardson ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1986 ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ kékeré ni nígbà náà, kò ní akọni tirẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ bíi Superman tàbí Spider-Man.

Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù. Bí irú òwò yìí ṣe máa ń rí nìyí: iléeṣẹ́ fíìmù máa ń gba owó, á fún iléeṣẹ́ kọ́míìkì láṣẹ láti lo ẹ̀dá rẹ̀, á sì máa yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dá kì í ṣe ti ayàwòrán. Ó yá a lò ni.

Ọdún 1988 ni Aliens àkọ́kọ́ jáde. Mark Verheiden ló kọ ìtàn rẹ̀, Mark A. Nelson ló yà á, dúdú àti funfun nìkan, láìsí àwọ̀ mìíràn nínú. Ó tà débi pé wọ́n tún un tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Apá kejì tẹ̀ lé e lọ́dún 1989, Denis Beauvais sì fi ọ̀dà kun gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1990, Sam Kieth ló ya apá kẹta, Earth War, ti John Bolton sì ya àwọn èèpo rẹ̀.

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ara tí Ridley Scott fara balẹ̀ fi pamọ́ sínú òkùnkùn ni àwọn èèpo wọ̀nyí gbé síta gbangba, lóṣù dé oṣù, láti orí dé àtàrí ìrù. Gbogbo gígùn Bádéjọ ló wà níbẹ̀ fún gbogbo ojú.

Àwọn ayàwòrán yìí ò fojú kan Bádéjọ kí wọ́n tó yà á. Fọ́tò inú fíìmù àti iṣẹ́ Giger ni wọ́n ń wò. Bóyá ìdí nìyí tí ìyìn fi ń lọ sọ́dọ̀ Giger nígbà gbogbo, ó sì tọ́ sí i, torí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lórí iṣẹ́ náà lọ́dún 1980. Àmọ́ Giger fúnra rẹ̀ mọ orí ara ẹni tó mọ ọn lé.

Ọ̀rọ̀ òfin kan tún wà níbẹ̀. Bí kọ́míìkì bá fẹ́ ya ojú òṣèré tí gbogbo èèyàn mọ̀, nígbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń wá àṣẹ ọ̀tọ̀ lórí ojú ẹni náà. Ta ló máa wá àṣẹ lórí ara tí kò ní ojú? Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀kú ò ní àwòrán tí agbẹjọ́rò lè nàka sí.

Nílé wa, a mọ̀ pé a kì í tọ́ka sí ẹni tó wà lábẹ́ eégún. Ṣùgbọ́n agbo ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń kí i ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ọdún eégún. Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá ni. Eégún Bádéjọ jó káàkiri ayé, agbo ilé rẹ̀ ni kò tètè gbọ́ ìlù.

Bí a ṣe ń ka orí ẹ̀dá náà

Ẹ jẹ́ ká padà sí orí tó gùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dá èèpo kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Orí ti Bádéjọ lọ́dún 1979 dán, ó ń tàn bíi gíláàsì dúdú. Lábẹ́ gíláàsì yẹn, Giger fi agbárí èèyàn kan síbẹ̀. Inú fíìmù ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ká rí i, nítorí òkùnkùn, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán tó wo fọ́tò dáadáa máa ń ya ihò ojú agbárí náà kó rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lábẹ́ orí.

Nígbà tí James Cameron ya fíìmù kejì, Aliens, lọ́dún 1986, ó mú gíláàsì yẹn kúrò. Ó lè fọ́ nígbà tí àwọn tó wọ ẹ̀kú bá ń sáré tàbí tí wọ́n bá ń ṣubú. Orí tó rí gbágungbàgun ló fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá náà sì ti di ọ̀pọ̀, bí ìjàlọ.

Láti ìgbà náà, orí méjì ló wà níwájú ayàwòrán kọ́míìkì. Tó bá ya orí gbágungbàgun, ogun ló ń sọ: ìbọn, ọmọ ogun, ẹ̀dá tó ń rọ́ wọlé. Tó bá ya orí dídán, ọ̀dọ̀ ẹyọ ẹ̀dá kan ṣoṣo tó ń dọdẹ èèyàn nínú ọkọ̀ òfurufú ló ń tọ́ka sí. Kò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, àmọ́ òǹkàwé tó ti mọ̀ á mọ̀ pé ọdún 1979 ló ń pè.

Lójú tèmi, èyí nìkan ni ìgbà tí kọ́míìkì ń dárúkọ Bádéjọ. Orí dídán ni orúkọ rẹ̀.

Àṣẹ tí wọ́n yá lò náà máa ń ní wàhálà tirẹ̀. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́, ọmọdébìnrin Newt àti sójà Hicks, tí wọ́n yè bọ́ nínú fíìmù kejì, ni Verheiden fi ṣe àwọn olú èèyàn ìtàn rẹ̀. Ó sọ wọ́n di àgbà, ó fún wọn ní ìrora àti ìgboyà.

Ni fíìmù kẹta bá jáde lọ́dún 1992, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Dark Horse ṣe ni pé wọ́n pààrọ̀ orúkọ wọn nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Newt di Billie, Hicks di Wilks. Ìtàn ò yí padà, orúkọ nìkan ló yí. Ọdún 2016 ni wọ́n tó dá orúkọ wọn padà fún wọn nínú àtẹ̀jáde pàtàkì kan.

Agbárí tó wà lára ògiri

Ọ̀kan wà nínú àwọn ohun ìpamọ́ yìí tó jẹ́ pé inú kọ́míìkì ló ti jáde lọ sínú fíìmù.

Láàárín ọdún 1989 sí 1990, Dark Horse gbé ìtàn kan jáde tó mú ẹ̀dá Alien àti Predator, ọdẹ àjèjì inú fíìmù ọdún 1987, kojú ara wọn. Wọ́n pè é ní Aliens vs. Predator. Fox ló ni fíìmù méjèèjì, àmọ́ kọ́míìkì ló kọ́kọ́ rí i pé wọ́n lè bá ara wọn jà.

Nígbà tí Predator 2 jáde lópin ọdún 1990, ibì kan wà tí wọ́n ti ṣí ọkọ̀ ọdẹ náà sílẹ̀. Agbárí àwọn ẹran tó ti pa ló tò sára ògiri, bí ọdẹ ilé wa ṣe máa ń fi ìwo ẹran kọ́ sára ògiri. Láàárín wọn ni agbárí kan wà tó gùn sẹ́yìn.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Àmọ́ àwọn tó ti ka kọ́míìkì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n tó ya fíìmù tó mú àwọn méjèèjì jọ.

Ohun tó wù mí kí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe agbárí nìkan. Ta ló wà nínú ẹ̀kú Predator? Kevin Peter Hall ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Òun ló ṣe é nínú fíìmù méjèèjì, ọdún 1987 àti 1990.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí èèpo Aliens vs. Predator, tí ẹ̀dá méjì gíga di ara wọn mú, ara ọkùnrin dúdú méjì lẹ̀ ń wò. Ọ̀kan láti Èkó, ọ̀kan láti Pittsburgh. Hall kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1991, ẹni ọdún 35. Bádéjọ tẹ̀ lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lórí èèpo ìwé, wọn ò tíì jà tán.

Orúkọ ọkọ̀, orúkọ èèyàn

Ọkọ̀ òfurufú inú Alien ń jẹ́ Nostromo. Àkọlé ìwé kan tí Joseph Conrad tẹ̀ jáde lọ́dún 1904 ni. Ọkọ̀ inú fíìmù kejì ń jẹ́ Sulaco, orúkọ ìlú kan nínú ìwé yẹn kan náà. Ọkọ̀ kékeré tí Ripley fi sá àsálà, Narcissus, orúkọ ọkọ̀ inú ìwé Conrad mìíràn ni.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ka orúkọ Conrad máa rántí Chinua Achebe. Lọ́dún 1975, ní Yunifásítì Massachusetts, Achebe sọ ọ̀rọ̀ tó le lórí ìwé Conrad nípa Congo, Heart of Darkness. Ara ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn Áfíríkà inú ìwé náà ò rí ọ̀rọ̀ sọ, wọn ò sì rí iyì èèyàn gbà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ọmọ Nàìjíríà kan sínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìwé Conrad, láìní ojú, láìní ohùn. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bádéjọ fúnra rẹ̀ yàn láti ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa. Síbẹ̀, tí èèyàn bá ti rí i tán, kò ṣeé ṣe kó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kọ́míìkì náà tẹ̀ lé àṣà orúkọ yìí. Lọ́dún 1993, Dark Horse gbé Aliens: Salvation jáde. Mike Mignola, ẹni tó dá Hellboy sílẹ̀, ló yà á. Ìtàn ọkùnrin olùfọkànsìn kan ni, tí wọ́n já sí orí ilẹ̀ àjèjì níbi tí ẹ̀dá abàmì wà.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Selkirk. Alexander Selkirk ni atukọ̀ ọmọ Scotland tó dá gbé ní erékùṣù kan fún ọdún mẹ́rin lọ́dún 1704 sí 1709, òun sì ni ọ̀pọ̀ gbà pé ìtàn rẹ̀ ló mú kí Daniel Defoe kọ Robinson Crusoe. Ẹni tó bá ti ka Crusoe nílé ìwé máa mọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ìnìkanwà àti àdúrà ni ìtàn yìí máa dá lé.

Ẹni tó kọ ìtàn Salvation ni Dave Gibbons. Orúkọ yìí ló tún gbé wa padà sí Nàìjíríà.

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ yàwòrán fún wa

Gbogbo ayé mọ Gibbons gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ya Watchmen, tí Alan Moore kọ, lọ́dún 1986 sí 1987. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ kún fún ohun ìpamọ́ débi pé àwọn kan ṣì ń wá wọn títí di ìsinsìnyí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé Nàìjíríà ni wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà déédéé ránṣẹ́ sí. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, iléeṣẹ́ ìpolówó kan ní Nàìjíríà rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńláńlá fẹ́ràn kọ́míìkì, àmọ́ akọni aláwọ̀ funfun láti Amẹ́ríkà ló kún inú wọn. Wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún Bardon Press Features ní London pé kí wọ́n ṣe akọni dúdú jáde.

Powerman ni wọ́n pe akọni náà. Ó ń fò, ó lágbára bí erin, oró ejò nìkan ló lè mú un. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn rẹ̀, Dave Gibbons àti Brian Bolland sì ń yà á, tí wọ́n ń gba á fún ara wọn láti ìwé dé ìwé. Ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì ti ń tà á nígbà náà.

Wọ́n kọ nọ́ńbà sínú àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó máa kà tẹ̀ lé èyí. Wọ́n rò pé a kò tíì mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn máa rẹ́rìn-ín. Láti ìparí ọdún 1960 sí 1969 ni ìwé Atọ́ka ti ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, tí àwọn èèyàn ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ní gáréèjì láìsí nọ́ńbà kankan.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Nàìjíríà yìí ni Gibbons àti Bolland fi kọ́ ọwọ́. Bolland ló padà ya The Killing Joke, ìtàn Batman àti Joker, lọ́dún 1988. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún Powerman tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Powerbolt nítorí Marvel ti ní Power Man tirẹ̀. Ọdún 1988 yẹn náà sì ni Aliens àkọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ.

Gibbons tún kọ Batman versus Predator lọ́dún 1991. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkùnrin tó fi akọni dúdú fún ọ̀dọ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló padà wá ń kọ ìtàn fún ẹ̀dá méjì tí ara ọkùnrin dúdú wà nínú wọn.

Èèpo tuntun, ara àtijọ́

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Dark Horse fi tẹ Aliens. Nígbà tí Disney ra Fox lọ́dún 2019, gbogbo èèyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, torí Disney náà ló ni Marvel. Lọ́dún 2020 ni Marvel kéde pé àṣẹ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn, ìwé Alien àkọ́kọ́ wọn sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Phillip Kennedy Johnson ló kọ ọ́, Salvador Larroca ló yà á.

Irinṣẹ́ ti yàtọ̀, kọ̀ǹpútà ti wọ inú iṣẹ́. Apá gígùn, ẹsẹ̀ gígùn ò yàtọ̀.

Bádéjọ kò ṣe fíìmù mìíràn. Ó padà sí Nàìjíríà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, iṣẹ́ ọnà tó lọ kọ́ náà ló sì gbájú mọ́. Lọ́dún 1983, ó ṣí gbàgede ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Lóòótọ́, ayàwòrán ni òun náà, bíi Nelson, bíi Bolton, bíi Mignola.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, nílùú Èkó, ní oṣù Kejìlá ọdún 1992. Ẹni ọdún 39 ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Aliens: Salvation jáde. Mignola fi òjìji dúdú ya ẹ̀dá abàmì náà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú òkùnkùn. Orúkọ Gibbons wà nínú ìwé náà. Orúkọ Mignola wà níbẹ̀, ti Kevin Nowlan tó fi yíǹkì kún iṣẹ́ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.